Ẹ Yé Da temp.png Sórí Kọ̀ǹpútà Oníkọ̀ǹpútà

Màmá kan ló là wá lójú. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní ká ṣe ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan fún àwọn: kó gba àwòrán wọlé, kó gé e sí ìwọ̀n páásípọ́ọ̀tù, kó fi hàn nínú fèrèsé, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tẹ bọ́tìnì, kó jáde lórí ìwé. Python la fi kọ ọ́, pẹ̀lú Tkinter àti Pillow. Bá a ṣe rí i nínú àwọn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà la ṣe ṣe é. Tá a bá gé àwòrán tán, a ó kọ ọ́ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ temp.png, tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, a ó tún ṣí temp.png láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ṣiṣẹ́. A gbowó.

Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣí ètò náà lẹ́ẹ̀mejì, fèrèsé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí iṣẹ́ lè yá. Ṣé ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? temp.png kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń kọ lé lórí. Fèrèsé ṣì ń fi ojú màmá hàn, àmọ́ fáìlì orí dísìkì ti di ti ẹlòmíì. Màmá sanwó, wọ́n kó fọ́tò mẹ́jọ lé wọn lọ́wọ́, géńdé onírùngbọ̀n ló wà lára mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àwa ò lè rẹ́rìn-ín, ẹjọ́ wa ni.

Àtúnṣe tá a kọ́kọ́ ṣe tún wá burú jù ú lọ. A fi aago àti déètì sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Nígbà tá a padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tá a ṣí fódà, ojú èèyàn ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: ọmọ iléèwé, ìyàwó ilé, àwọn tó rò pé wọ́n ti kó fọ́tò wọn lọ. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ò sì gbà ká tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá ìgbà tá a nílò rẹ̀. Ẹ má sọ pé “ṣebí ẹ lè kọ ìlà kóòdù kan tó máa pa á rẹ́.” A kọ ọ́. Wọ́n mú iná lọ kí ìlà yẹn tó ṣiṣẹ́, àìmọye ìgbà. Fáìlì téèyàn pa rẹ́ náà sì tún ṣeé hú jáde lórí ọ̀pọ̀ dísìkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kóòdù, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí. Àwòrán yẹn ti wà nínú RAM, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Kí ló ń lọ ṣe lórí dísìkì kó tó padà wá? Ó dà bí kéèyàn se ọbẹ̀ tán, kó gbé ìkòkò rìn yí àdúgbò ká kó tó bù ú fún ẹni tó jókòó tì í nídìí àdògán.

Python ní BytesIO, fáìlì tí kò nílé lórí dísìkì. Ẹ ó kọ sínú rẹ̀, ẹ ó kà á bíi fáìlì gidi. Pillow máa kọ àwòrán sínú rẹ̀, ẹ ṣáà sọ fún un pé PNG lẹ fẹ́, torí kò sí orúkọ fáìlì tó máa fi mọ̀. Ẹ má gbàgbé seek(0): tẹ́ ẹ bá kọ̀wé tán, òpin lẹ wà, ẹni tó bá kàwé láti òpin ò ní rí nǹkan kan. PhotoImage ti Tk 8.6 máa gba PNG náà bó ṣe wà. Ẹ di àwòrán náà mú sínú fáríábù tí kò ní tètè kú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ Python á kó o dànù, fèrèsé yín á sì ṣófo. (Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wá ní wèrè.) Nínú Qt, loadFromData ló ń ṣe é, nínú.NET, MemoryStream.

Wọ́n á ní RAM kéré. Fọ́tò mìlímítà 35 sí 45, ní ìwọ̀n 300 dpi, jẹ́ píksẹ́lì 413 sí 531. Kò tó mẹ́gábáìtì kan! Fídíò wákàtí méjì kọ́ là ń sọ. A ò sì sọ pé kẹ́ ẹ fi lẹ́tà tí ẹnì kan ti ń kọ láti àárọ̀ sínú RAM nìkan. Ìyẹn, ẹ tètè fi pamọ́ sórí dísìkì kí iná tó lọ. Tó bá sì jẹ́ ètò mìíràn tí kò mọ̀ ju fáìlì lọ ló fẹ́ ṣí i, tempfile wà, á fún un lórúkọ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, Windows lè kọ̀ láti jẹ́ kí ètò kejì ṣí i nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò tíì pa á dé.

Qt la fi tún ti ṣọ́ọ̀bù yẹn kọ. QPainter ń ya àwòrán tààrà sórí QPrinter, a ò dá fáìlì kankan sílẹ̀. A pa fódà àtijọ́ rẹ́, a sì bẹ ọ̀gá wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ pè wá.