Àlejò Tí Kì Í Sùn

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, ọkọ̀ a máa wọ́ tọ ara wọn láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá ń yọ lójú fèrèsé, gèlè ti gba gbogbo àyè ẹ̀yìn mọ́tò, olúkúlùkù ń sáré kí ẹlẹ́ṣin àkọ́kọ́ tó jó dé ojúde Àwùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Odògbolú kò jìnnà sí ọ̀nà yẹn rárá, síbẹ̀ ẹni tó ń yà síbẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ wọ̀nyẹn á tún kọjá, wọ́n ń padà sí Èkó.

Ojúde Ọba kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lọ́dún 2024, orí gbogbo Ìjẹ̀bú ló wú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó rọ̀ mọ́ irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀, pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan tó yí Ìjẹ̀bú-Òde ká náà wá àjọ̀dún rẹpẹtẹ tiẹ̀, kí ó pe iléeṣẹ́ ọtí àti ti fóònù wá ṣe onígbọ̀wọ́, kò lè ṣe Odògbolú lóore. Àjọ̀dún ọjọ́ kan a máa kó èrò wá, a sì tún máa kó wọn lọ, ìdọ̀tí ló ń kù. Àlejò tó ń ṣe ìlú kékeré láǹfààní ni èyí tó sùn, tó jí, tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àárọ̀. Ní Òṣogbo, oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005 ń gba àlejò lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lùlù.

Kí ni àlejò fẹ́ torí ẹ̀ sùn sí Odògbolú? Kó kọ́kọ́ dé Òsósà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú kan náà, níbi tí wọ́n bí Hubert Ògúndé sí ní 1916. Ọlọ́pàá ni Ògúndé kó tó di baba eré orí ìtàgé. Ní 1944 ló gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall, l'Ékòó. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, eré rẹ̀ Yorùbá Ronú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì rí ìtúsílẹ̀ títí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1966. Nígbà tí ó wá kan sinimá, tí ó ti ṣe Aiyé ní 1979 àti Jáíyésinmi ní 1980, kì í ṣe Èkó ló kọ́ ọgbà tí yóò ti máa ya fíìmù sí, Òsósà ni. Ilé rẹ̀ níbẹ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Gbogbo ẹni tó ń jẹun nídìí fíìmù Yorùbá lónìí ló jẹ Òsósà ní gbèsè, bó mọ̀ ọ́n bí kò mọ̀ ọ́n. Fíìmù Ògúndé, ojú alẹ́ ló yẹ ká ti wò ó, ní gbangba, lára ògiri funfun, kí àwọn ọmọdé máa pariwo nígbà tí àwọn àjẹ́ bá yọ. Bí wọ́n bá ń ṣe èyí ní gbogbo alẹ́ Sátidé, àlejò kò ní lè sọ pé òun ń padà lọ ní ago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe oúnjẹ à-sáré-jẹ. Wọ́n á rin ewùrà, wọ́n á máa ta á díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, tí ata, epo, ẹja àti edé ti wọnú ara wọn, wọn kò sì ní yára rò ó, kí kókó rẹ̀ má baà fọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń búra pé èyí tó sùn mọ́jú, tí wọ́n fi ẹ̀bà tútù tì lẹ́yìn, ló dùn jù. Ẹni tó ti padà sí Èkó lálẹ́ kò lẹ́nu nínú àríyànjiyàn yẹn. Ẹ̀bìrìpò tún wà, èyí tí wọ́n ń fi kókò tí wọ́n rin pọ́n sínú ewé. Gàrí Ìjẹ̀bú ńkọ́? Kíkan rẹ̀ tí gbogbo ayé ń yìn, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lò nínú àpò lábẹ́ òkúta ló ti wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè pé ta ni yóò wá, kó lọ wo Federal Government College tó wà ní Odògbolú lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Àwọn òbí ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sì ń ru oúnjẹ nínú kúlà láti ilé wá sí ìlú ìkọ́kọrẹ́.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọjà. Tami ti Odògbolú ni aṣáájú láàárín àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, àwọn tó ń ru ẹrù wọn lọ sí Ìmọ̀sàn nígbà ọdún Agẹmọ, ẹrù tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn. Margaret Thompson Drewal, obìnrin àti àlejò, kọ nípa Agẹmọ nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Ritual ní 1992. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n kéde ọjọ́ ìsémọ́lé, tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde síta, kedere, kí obìnrin tó ń bọ̀ wá mọ̀ ọ́n kí ó tó wọ mọ́tò. Ní ti bóyá òfin náà yẹ kó máa bá a lọ, ẹjọ́ àwọn obìnrin Odògbolú ni, wọ́n sì lè rò ó fúnra wọn. Kò kan òṣìṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́, kò sì kan ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

Kí ìlú má sì dúró de UNESCO. Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, ti wà nínú ìwé àwọn tó ń retí ìforúkọsílẹ̀ UNESCO láti 1995. Pacheco Pereira, ará Pọtogí, ti kọ nípa yàrà ńlá Ìjẹ̀bú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún; títí di òní, Erédò ṣì ń retí.

Ibi tí àlejò yóò sùn ti wà nílẹ̀ kẹ̀! Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọmọ ìlú kọ́, tó jẹ́ Kérésì, Iléyá àti ìsìnkú nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn wọn, pọ̀ ní gbogbo ìlú Ìjẹ̀bú. Yàrá méjì nínú ilé kọ̀ọ̀kan ti tó bẹ̀rẹ̀. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni iná ojú ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, àti pátákó kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kí ìdajì owó yàrá jẹ́ ti ẹni tó ń ṣọ́ ilé, kí owó oúnjẹ wà lọ́wọ́ obìnrin tó sè é. Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá fẹ́ tiwọn, kí wọ́n lọ já tíkẹ́ẹ̀tì sinimá.