Ibi Tí A Ń Gbé Ni Kí Á Ti Máa Dìbò

Nígbàkúùgbà tí ọjọ́ ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní ẹ̀yìn odi. Àwọn kan á di ẹrù, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí ìlú wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ wọn wà. Àwọn mìíràn á ti ìsọ̀ wọn pa, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á máa retí kí ariwo rọlẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń jáde lọ sí ibùdó ìdìbò àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Èrò ti ìwé ìròyìn yìí ni pé àwọn díẹ̀ yìí ni ó ṣe ohun tí ó tọ́, ó sì yẹ kí wọ́n pọ̀ jù báyìí lọ.

Àwáwí tí à ń gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: àlejò ni wá, àjò kò sì dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Kánò tàbí ní Jọ́ọ̀sì, tí ó kọ́lé síbẹ̀, tí ó bímọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó yà láti bu omi mu. Owó-orí tí wọ́n ń yọ nínú owó-oṣù rẹ̀ kì í lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà. Àpò ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé ni ó ń wọ̀. Omi ẹ̀rọ tí kò yọ, títì tí ó bàjẹ́, ìdọ̀tí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò kó, òun àti onílẹ̀ ni wọ́n jọ ń jìyà rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n bí olórí bá fúnra rẹ̀ kọ̀ tí kò wá síbi tí a ti ń fá a, ta ni yóò bá wí?

Kí ni òfin wí? Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Abala 41 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibikíbi ní ilẹ̀ yìí. Abala 117 ní kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ó sì ń gbé inú rẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò yan aṣòfin ìpínlẹ̀. Abala 106 ka ohun tí ó yẹ ẹni tí yóò du ipò aṣòfin bẹ́ẹ̀: kí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó ti pé ọdún 25, kí ó ti kàwé dé ìwọ̀n ilé-ìwé girama, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé dandan ni kí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Abala 7 sì fi irú ẹ̀tọ́ kan náà kún un nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1951, Nnamdi Azikiwe, ọmọ Ìgbò, wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn láti Èkó. Láàárín àwọn ọdún 1950 kan náà ni Umaru Altine, ọmọ Fúlàní, di méyọ̀ ìlú Enugu.

A kò ní í tan ẹnikẹ́ni jẹ: òfin kan náà ní ihò lára. Abala 318 túmọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ sí ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Lórí irú ìpínyà yìí ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ dúró lé, èyí tí a fi ń ya ọmọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nígbà tí a bá ń pín iṣẹ́ ọba tàbí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Abala 15 ní kí ìjọba fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹ̀tọ́ olùgbé níbi gbogbo, ṣùgbọ́n Orí Kejì ni ó wà, abala 6 kò sì jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ lè fi ipá mú ìjọba ṣe é. Nítorí náà, àtúnṣe kù sí ọwọ́ àwọn aṣòfin. Kò sì lè ṣeé ṣe àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin Àbújá bá fọwọ́ sí i, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbà pẹ̀lú wọn. Aṣòfin wo ni yóò gba ẹjọ́ àtìpó rò, nígbà tí ó mọ̀ pé orúkọ àtìpó kò sí nínú ìwé olùdìbò òun?

Ìbẹ̀rù ni ó ń dá àwọn mìíràn dúró. Wọ́n rántí ìjà Jọ́ọ̀sì ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí àríyànjiyàn lórí ta ni onílẹ̀, ta ni àtìpó, wà lára ohun tí ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn àgbà rántí oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gáná fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá sì fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Àjèjì ni wá lábẹ́ òfin Gáná. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ọmọ ilé ni wá ní Kàdúná gẹ́gẹ́ bí a ti jẹ́ ọmọ ilé ní Abẹ́òkúta. Kí ìbẹ̀rù má ṣe pa wá lẹ́nu mọ́. Kí ó kọ́ wa bí a ó ti ṣe é. Kí a má ṣe dìbò bí ẹ̀yà tí ó fẹ́ gba ìlú mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Kí a dìbò bí ará àdúgbò, kí àwa àti aládùúgbò wa, ìbáà ṣe Hausa, Bẹ̀rọ́mù tàbí Ìgbò, jọ bi olùdíje léèrè ohun tí yóò ṣe nípa omi, iná àti ilé-ìwé.

Bí a bá sì ń gé igi nínú igbó, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀ràn ro ara wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkó, ìròyìn jáde pé wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn kan ní ibùdó ìdìbò, wọ́n sì lé àwọn mìíràn padà, nítorí pé wọ́n rò pé Ìgbò ni wọ́n. Ẹ̀tọ́ tí à ń bèèrè fún ní Sabon Gari ti Kánò kò lè di èèwọ̀ ní Èkó. Àwa tí a wà ní ẹ̀yìn odi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé, nítorí pé àwa ni a mọ bí ó ti ń rí lára.

Ní ìdìbò Ààrẹ ọdún 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n àwọn tí a yẹ̀ wò láti dìbò kò ju mílíọ̀nù 25 ó lé díẹ̀ lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílé kò gbọdọ̀ tún forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Kí ó lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Elétò Ìdìbò ní ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé, kí ó bèèrè pé kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síbẹ̀. Òfin fi gbèdéke sí ìgbà tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé ṣáájú ìdìbò. Ẹni tí ó bá tètè lọ kò ní í kábàámọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá káàkiri ti gbìyànjú lórí ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti ìlàjà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ káàdì ìdìbò wọ inú ètò ìpàdé oṣooṣù wọn pẹ̀lú. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò bá tọ́jú oko kò ní rí ohun gbé bọ̀ wálé.