Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa ya ẹyẹ tí wọ́n fojú ara wọn rí

Ẹ bi ẹni mẹ́ta léèrè irú ẹyẹ tí ọ̀kín jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ èsì mẹ́ta. Ẹnìkan á ní ẹyẹ ńlá tó ń na ìrù bí abẹ̀bẹ̀ ni, èyí tí àwọn olówó ń sìn sínú ọgbà. Ẹlòmíràn á ní ẹyẹ funfun kan ni. Ẹni kẹta á ní ẹyẹ kékeré tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ ni. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Íńdíà ni ẹyẹ onírù abẹ̀bẹ̀ yẹn ti wá, orúkọ ọ̀kín sì ti wà nínú oríkì àwọn ọba wa tipẹ́tipẹ́. Orúkọ ṣì wà lẹ́nu wa, ẹyẹ tó ni ín ti di àríyànjiyàn. Ká ní ẹnìkan ti yà á láyé àtijọ́ bó ṣe wà lórí igi, tó sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, a kì bá tí máa jà lé e lórí lónìí.

Ohun tó ṣe ọ̀kín ló ń bọ̀ wá ṣe àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ní Kétu, Pobè àti Àjàṣẹ́ ló lè dárúkọ agbe, nítorí wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ìwúre. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n ya agbe, adìyẹ ni wọ́n á yà, wọ́n á wá fi búlúù kùn ún. Igún tí a mọ̀ lẹ́yìn ọjà wà lára ẹyẹ tí àjọ IUCN kà mọ́ èyí tó kù díẹ̀ kó pa run. Odídẹrẹ́ ńkọ́? Lọ́dún 2016, níbi ìpàdé CITES ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de títa èyí tí wọ́n bá mú nínú igbó láti ìlú kan sí òmíràn.

Lójú tiwa, ohun kan wà tó rọrùn tí a lè ṣe: kí a fún àwọn ọmọ ní kàyé àti kíréyọ̀n, kí wọ́n máa ya ẹyẹ tó wà láàyè, níbi tó gbé wà. A kò ní kí wọ́n wò ó lórí fóònù kí wọ́n dà á kọ. Ẹyẹ orí fóònù kì í fò, kì í jẹun, kì í bẹ̀rù. Audubon, olókìkí ayàwòrán ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí lọ́dún 1785 ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí, ìbọn ló fi ń pa ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó yà, yóò wá fi wáyà gbé e dúró. Lars Jonsson, ará Sweden, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ìta gbangba ló ń jókòó sí, yóò máa fi awò wo ẹyẹ lọ́ọ̀ọ́kán, yóò sì máa yà á. Ọmọ tiwa kò tilẹ̀ nílò awò. Ẹ̀ga kò jìnnà sílé.

Ẹ̀ga gan-an ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orí ọ̀pẹ àárín abúlé ló ń kọ́lé sí, kò sì bìkítà fún ẹni tó jókòó nísàlẹ̀. Akọ rẹ̀ dúdú lórí, ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, ojú rẹ̀ pupa. Abo kò ní orí dúdú yẹn. Akọ ló ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń hun ilé. Abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá wù ú, akọ lè tú u palẹ̀ kó tún òmíràn hun. (Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ ṣe sùúrù, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.)

Ẹyẹ kì í dúró lójú kan, ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn jáwọ́ nìyẹn. Kí ọmọ kọ́kọ́ ya ara rẹ̀ bí ẹyin, kó fa ìlà ẹ̀yìn, kó fi ibi tí ojú àti àgógó wà hàn. Bí ẹyẹ bá yí padà, kó fi èyí sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́ ẹyẹ yóò tún dúró bíi ti àkọ́kọ́, òun náà yóò sì padà sí èyí tó fi sílẹ̀. Ìyẹ́ ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ẹ̀ga mẹ́wàá lójú ìwé kan tí ọ̀kankan wọn kò parí, ẹ má bú u, iṣẹ́ gidi ló ṣe.

A mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ yóò sọ: ṣé ẹyẹ tó ń jẹ ìrẹsì wa lẹ fẹ́ kí a máa yà? Òótọ́ ni, olè ni ẹ̀ga lóko. Àmọ́ ta ló ń ṣọ́ oko náà? Àwọn ọmọ yìí kan náà ni, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú agolo àti òkò lọ́wọ́. (Ọjọ́ iléèwé, iléèwé ló yẹ kí wọ́n wà, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Kò sí ẹni tó ń wo ẹyẹ pẹ́ tó wọn. Bí wọ́n bá ń ya èyí tó dé, tí wọ́n ń kọ wákàtí tó dé àti apá ibi tó gbà wọlé, bàbá wọn ló máa jèrè rẹ̀. Tata àti kòkòrò ni lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù ń jẹ, síbẹ̀ òkò kan náà ló ń bà á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo òbí ló lè rà á. Àwọn baba wa fi aró wé agbe, wọ́n fi osùn wé àlùkò, wọ́n fi ẹfun wé lékeléke. Aró, osùn àti ẹfun ṣì wà lọ́jà wa. Omi díẹ̀ àti igi tí a fi eyín rún lórí ti tó láti fi kùn ún. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wo ẹyẹ dáadáa kó tó ti ọwọ́ bọ ẹfun. Bí àsìkò àtiyé ẹyin bá ń sún mọ́, orí, àyà àti ẹ̀yìn lékeléke máa ń pọ́n rúsúrúsú. Ẹni tó bá fi ẹfun nìkan kùn ún nígbà yẹn, ohun tó gbọ́ lẹ́nu àgbà ló yà.

Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kọ ọjọ́, ibi tó ti rí ẹyẹ náà, àti orúkọ tí ìyá àgbà pè é. Bí ti Kétu bá yàtọ̀ sí ti Sábẹ̀ẹ́ tàbí ti àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé, kó kọ gbogbo rẹ̀. Kó mú kàyé náà lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, nítorí ẹyẹ tó ń bá ejò jà wà lórí ère wọn, kó sì bi wọ́n pé ẹyẹ wo nìyẹn. Ìrẹsì kò ní pẹ́ gbó. Ẹ̀yin òbí tó máa rán ọmọ lọ lé ẹyẹ, ẹ fi kàyé kan kún agolo tí ẹ máa kó fún un.