Ẹ Kú Oríire o, Ẹ̀yin Ọlọ́mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́!

Ìlobì, ẹ kú oríire! Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó, Ayétòrò, ẹ kú oríire o! Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2001 ni UNESCO dárúkọ ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àṣà 19 tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní gbogbo ayé pé kò gbọdọ̀ parun. Ó pé ọdún 25 báyìí, ẹ wá bá wa yọ̀!

Ìtàn tó bí ijó yìí dùn ju ọ̀pọ̀ ìwé ìfẹ́ inú ààfin tí à ń kà lọ. Bí àwọn àgbà kan ṣe ń pa á, ìbejì ni Àkàn àti Ẹdun, ọmọ Aláketu, ọba Kétu, sì ni àwọn méjèèjì. Ọba wàjà, oyè di ìjà. Nígbà tí Ẹdun gbọ́ pé ẹ̀mí òun ni Àkàn ń wá, ó sá wá sí Ìlobì, nílẹ̀ Yewa wa níbí. Ẹni tí à bá máa kí ní kábíyèsí wá di ẹni tó ń fara pamọ́. Lóru, ó gbé ojú àgbẹ́dá síta, ó fi ìkarawun ìgbín sí i kó máa dún. Àwọn tí wọ́n rán wá pa á gbọ́ ariwo, wọ́n rí ohun tí ojú wọn ò rí rí, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Ẹdun padà délé, ó jọba, ohun tó fi gba ara rẹ̀ là sì di ijó.

Títí dòní, méjìméjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń jáde, aṣọ kan náà, ère kan náà lórí. Mi ò lè wò wọ́n kí n má rántí àwọn ọmọ ọba méjì yẹn. Àmọ́ àwọn tòní kì í jà, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé sí ìlù.

Ọkùnrin ló wà lábẹ́ gèlè àti ìró Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó di ọmú àti ìdí sára láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ṣé a ò mọ̀ ọ́n ni? A mọ̀ ọ́n dáadáa! Egúngún la kì í dárúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bó bá jó dé ibi tó dùn, orúkọ rẹ̀ gan-an la fi ń yìn ín, a ó sì máa ná an lówó.

Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà tó gé Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ àti Ìlobì. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ò gbọ́ tiwọn. Nínú àkójọ àṣà UNESCO ti ọdún 2008, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò jọ wà níbẹ̀ ni. Kódà ní Brazil, nígbà tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní São Paulo lọ́dún 1988, Geledés ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ̀yin Ìyáláṣẹ̀, ẹ̀yin ìyá olójúbọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ kú àbójútó. Ẹ̀yin agbẹ́gilére, ẹ̀yin onílù, ẹ̀yin Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tí ẹ ń bá olówó àti aláṣẹ wí lójú ọjà lóru láìbẹ̀rù, ọdún á yabo fún yín. Lóru Ẹ̀fẹ̀, kí àwọn oníjó wa tò jáde: kí Arábì Ajígbálẹ̀ gbálẹ̀ ọjà, kí Agbéná gbé iná rẹ̀ jáde, kí Tètèdé tẹ̀ lé e. Owó ti wà lọ́wọ́ wa, a ń bọ̀ wá ná yín!