Ẹ má ta gbogbo ẹyin tán: ọmọ ilé wa ńkọ́?

Lónìí, ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe lórí ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ọmọ inú ilé wa ni mo fẹ́ sọ.

Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ó sì pọ̀ ní ìgbèríko ju ìlú ńlá lọ. Ẹ wò ó dáadáa: àwa tí à ń bọ́ ìlú, ọmọ tiwa ni kò dàgbà.

Àwọn kan á ní ìṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, owó ò sí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ìṣẹ́ nìkan. Ẹni tó ní ogún adìẹ nílé, tó kó gbogbo ẹyin lọ sọ́jà, tó wá ń fún ọmọ ọdún kan ní ògì tó ṣàn bí omi láàárọ̀ lálẹ́, ṣé ẹyin ni kò ní? Ẹlòmíì ṣì gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ebi ló lè sọ ọ́ dà á.

Tí a bá tún ń bu oúnjẹ, ẹja ńlá di ti baálé, omi ọbẹ̀ di ti ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣì ń dàgbà ló nílò ẹja yẹn jù.

Ìyá náà ńkọ́? Tó bá jí lọ sóko, tó fi ọmọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, oúnjẹ tútù ni yóò máa jẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Inú ọmọ kéré, kò lè gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àyíká tún wà ńbẹ̀. Adìẹ ń yàgbẹ́ kiri àgbàlá, ọmọ ń rá lórí ilẹ̀ kan náà, ó ń ki ọwọ́ bọnu. Omi odò tí a ò sè ló ń mu. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, oúnjẹ tó jẹ ò ní dúró lára.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe nìyí. Kí baálé àti ìyàwó jọ jókòó kí wọ́n tó ta ìkórè, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹyin àti ẹ̀wà ti ọmọ sọ́tọ̀. Ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ bá wa fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ògì ki, ẹ gún edé tàbí ẹja gbígbẹ sí i, ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i, kó sì máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ kọ́lé fún adìẹ. Ẹ gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Oúnjẹ wà lóko wa. Ẹ jẹ́ kó dé ẹnu ọmọ kó tó dé ọjà.

Nílé tiyín, ta ló ń pinnu ohun tí ẹ ó tà àti ohun tí ẹ ó jẹ?