Ta Ló Hun Aṣọ Ẹbí Yìí?

Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ̀yin ìyálóde ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí aṣọ ẹbí kì í wọ́n lọ́wọ́ yín, ẹ tú ìdì ankara kan, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀. Ẹ lè bá orúkọ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà níbẹ̀. Ẹ má tíì yọ̀ o. Ó pẹ́ tí àwọn aláṣọ wa ti ń ké pé ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń tẹ orúkọ àwọn sára ayédèrú, tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbé e gba Kútọnu wọlé.

Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Nàìjíríà. Ìsọlọ̀ ní tirẹ̀, Ìkòròdú ní tirẹ̀, Adó-Èkìtì náà kò gbẹ́yìn. Ní 2007, United Nigerian Textiles ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàdúná pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì gba ilé lọ. Kì í ṣe pé wọn kò mọṣẹ́. Iná ọba kò dúró, epo tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wọ́n bí ojú, ayédèrú sì ti gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìjọba gbé ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà kalẹ̀ fún ẹ̀yáwó, ilé-iṣẹ́ Kàdúná sì tún ṣí ní 2010. Ó dáa. Àmọ́ ta ni yóò ra aṣọ tí wọ́n bá hun? Ẹni tó yáwó tí kò rí oníbàárà, gbèsè ló kó sọ́rùn.

Òfin tó lè mú oníbàárà wá wà nílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2017, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, adelé ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ná ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 owó tí wọ́n ń fi ra àwọn ọjà kan sórí èyí tí a ṣe nílẹ̀ wa. Wọ́n dárúkọ yunifọ́ọ̀mù àti bàtà nínú rẹ̀ kedere! Ní 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ìlànà mìíràn tó jọ ọ́. Àṣẹ lórí àṣẹ. Ṣé ẹnikẹ́ni ń yẹ̀ ẹ́ wò ni?

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa. Ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín l'Ábùjá: ta ló gba kọngilá aṣọ ọlọ́pàá, ti sójà, ti kọ́sítọ́ọ̀mù? Ilé-iṣẹ́ wo ló hun ún? Ẹ bi àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ léèrè aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti ọmọ iléèwé. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ tún un kọ. Kí ẹ sì tó dáwó aṣọ ẹbí tó ń bọ̀, ẹ bi ẹni tó ń pín in pé ta ló hun ún.