ÌLERA ÌDÍLÉ: Ọmọ Tuntun Tí Kò Yàgbẹ́

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ọmọ tuntun ni a mú wá lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú sí i, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé yẹ kí ó ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí kò yà á, tí ikùn rẹ̀ sì ń wú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ń bì èébì aláwọ̀ ewé, ẹ má tilẹ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó lè fa èyí ni àìsàn Hirschsprung, tí a fi orúkọ dókítà ọmọ Denmark tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1886 pè. Ó máa ń mú nǹkan bí ọmọ kan nínú 5,000. Láti inú oyún ni àwọn iṣan tí ń pàṣẹ fún ìfun kò ti dé ìparí ìfun ńlá. Apá ibẹ̀ yóò fún pọ̀, ìgbẹ́ yóò há sí òkè rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀? Wọn a fi rọ́bà tín-ín-rín gba ìdí ọmọ, wọn a rọra da omi kan sí ìfun, tí X-ray yóò fi hàn ní funfun. Àwòrán náà yóò rí bí àrọ: ìsàlẹ̀ tóóró, òkè fífẹ̀. Ibi tí tóóró ti di fífẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ ń wò, kí ó lè mọ ibi tí yóò gé àti bí iṣẹ́ náà yóò ṣe gùn tó. Bí apá tí ó bàjẹ́ bá kúrú, ó lè ṣeé ṣe láti ìdí. Bí ó bá gùn, ó lè di dandan kí wọ́n la ikùn. Ṣùgbọ́n àwòrán ọmọ jòjòló lè tan ni jẹ, nítorí náà wọn a tún gé ẹran ìfun bíńtín fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ gbọ́: ẹ má fún ọmọ náà ní àgbo, ẹ má sì fún un ní ẹnímà nílé. Fífọ ìfun ṣáájú lè ba àmì inú àwòrán jẹ́. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Ẹ̀yin ará wa ní Sẹ́kọ̀nà, ọ̀nà Ifẹ̀ wà níwájú yín. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn kan ń bèèrè pé, ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni? Rárá o. Ọlọ́run ló wo Hesekiah sàn, síbẹ̀ wòlíì Isaiah ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Ẹ gbàdúrà nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Nígbà mìíràn, dókítà a kọ́kọ́ ya ẹnu ìfun sí ara ikùn, kí ọmọ lè lágbára de iṣẹ́ abẹ gan-an. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé ìsìn, ẹ má sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bá a gbé ọmọ, ẹ sì dá owó fún un.

A kò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ tí ó yẹ kí ó sin wá, ní orúkọ Jésù. Àmín.